Basi and Company: eré amóhùnmáwòrán tó kógbá wọlé kí ọjà tó tú

Bí a bá ń sọ ìtàn nínú ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ ọba, ọ̀rọ̀ ogun, ìṣílọ àti oríkì ni a sábà máa ń gbé yẹ̀ wò. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òbí wa ń wò lálẹ́, tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, òun náà jẹ́ apá kan nínú ìtàn wa. Bí ẹ bá bá àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún sọ̀rọ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Sakété tàbí ní Pobẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ orúkọ eré kan tí kì í ṣe ti ìlú wa, tí kì í sì í ṣe èdè wa ni wọ́n fi ṣe é. Láti Nàìjíríà ni ó ti wá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òṣèré rẹ̀ ń sọ, ọmọ Ogoni ni ó sì kọ ọ́. Basi and Company ni orúkọ rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, a ó wo bí eré náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tó mú kí ó dùn, bí ó ṣe kúrò lójú amóhùnmáwòrán ní 1990, àti ohun tí ó kan àwa Yorùbá Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò nínú rẹ̀.

Àwòrán kì í san owó ibodè

Ìbàdàn ni amóhùnmáwòrán ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìparí 1978 ni tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Ìkànnì kan ṣoṣo ni a ní, ti ìjọba ni, ọ̀rọ̀ ìjọba ni ó sì gba púpọ̀ nínú àkókò rẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí ààlà mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí i: wọn a gbé ọ̀pá ẹ̀rọ sókè, wọn a yí i sí ìhà ìlà oòrùn, àwòrán láti Èkó a sì dé. Nígbà mìíràn á mọ́ gaara, nígbà mìíràn á dà bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú àpótí, ṣùgbọ́n á dé.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí àkókò náà ṣe rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí iye wọn ju mílíọ̀nù kan lọ, àwọn ọmọ Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Tógò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1984, wọ́n ti ibodè pa, wọn kò sì ṣí i títí di 1986. Àwọn ìdílé tó ní ẹ̀gbọ́n ní Mẹ̀kọ, tó ní àbúrò ní Kétu, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Aṣọ́bodè lè dá ènìyàn dúró, ó lè gba àpò gàrí lọ́wọ́ ìyá oníṣòwò, ṣùgbọ́n kò rí ohun kan ṣe sí àwòrán. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni Basi wọ inú yàrá wa.

Ilé kan ní àdúgbò Adetola

Ken Saro-Wiwa ni ó dá eré náà sílẹ̀. Ní 1941 ni wọ́n bí i ní Bori, ní ilẹ̀ Ogoni, ní agbègbè tí odò Ọya ti ń wọ òkun. Ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó ṣe òwò, ó sì kọ ìwé. Gbòǹgbò Basi wà nínú eré kékeré kan tí ó ti kọ ṣáájú, The Transistor Radio. Ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Saros International, ni ó ń ṣe eré náà, NTA sì ń gbé e jáde káàkiri Nàìjíríà láti àárín àwọn ọdún 1980.

Ìtàn náà kò gùn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Basi, tí gbogbo ayé ń pè ní Mr. B, ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Adetola ní Èkó. Kò ní iṣẹ́, kò ní owó, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé òun yóò di olówó mílíọ̀nù. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ara rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ di olówó mílíọ̀nù gbọ́dọ̀ máa ronú bí olówó mílíọ̀nù. Ó sì ń ronú! Iṣẹ́ nìkan ni kò ṣe. Alali ni ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ebi kì í sì í kúrò lára Alali. Madam ni onílé, obìnrin olówó tó ń fi ẹgbẹ́ olówó dọ́là yangàn, tí kì í gbọ́ àwáwí: owó ilé ni ó fẹ́, lọ́wọ́, lónìí. Dandy ni ó ni ilé ọtí tí gbogbo wọn ń pàdé sí, Josco ni olè kékeré tó ti mọ ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, Segi sì ni arẹwà obìnrin, orúkọ tó ń mú wa rántí ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi. Albert Egbe ni ó kọ́kọ́ ṣe Basi; nígbà tó yá, Zulu Adigwe gba ipò náà. Aso Douglas ni ó ṣe Madam, Tekena Harry-MacDonald sì ni Alali.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò rí àwàdà kan tí àwọn mìíràn lè má rí. Adétọ́lá: adé tó ọlá. Ní àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ohun kan tó, kò sí ẹnì kan tí ohun kankan tó.

Ìjàpá wọ aṣọ òde òní

Eré náà ní ìṣesí tirẹ̀, kò sì jọ èyí tí a ti ń wò tẹ́lẹ̀. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí oògùn, kò sí eré sísá lórí títì. Yàrá, ilé ọtí, ojúde ilé: ó parí. Àwọn ènìyàn mẹ́fà ń sọ̀rọ̀, ìtàn sì ń lọ. Lọ́sẹ̀ kan, Basi á gbọ́ àhesọ. Á fi àhesọ náà kọ́ ilé owó sí ojú ọ̀run. Á parọ́ fún Madam. Madam tó mọ̀ pé òpùrọ́ ni yóò tún gbà á gbọ́, nítorí òun náà fẹ́ èrè. Josco àti Dandy á bèèrè ìpín tiwọn. Nígbà tí yóò fi di ìparí, irọ́ á já, owó kò ní sí, Basi á padà sínú yàrá rẹ̀, owó ilé á sì tún kù.

Àwa tí a dàgbà sínú àlọ́ mọ irú ọkùnrin yìí. Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, ni. Saro-Wiwa fúnra rẹ̀ kò fi èyí pamọ́: nígbà tí ó sọ eré náà di ìwé ìtàn ní 1987, ó pè é ní àlọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ti òde òní. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Nínú àlọ́ tiwa, apàlọ́ á sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní gbangba nígbà tí ó bá parí: ìtàn yìí kọ́ wa kí a má ṣe ṣe ojúkòkòrò. Saro-Wiwa kò sọ ọ́. Ó fi í sílẹ̀ fún òǹwòran. Bí òwe bí òwe ni à ń lù ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Kí ni ọ̀mọ̀ràn rí? Ó rí Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀pìò ti wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti rò pé ẹni tó bá mọ ẹni tó wà ní ipò kò nílò iṣẹ́ mọ́. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní 1986, tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, àlá náà kò tíì kúrò lójú àwọn ènìyàn. Basi ni àlá yẹn. Àwọn ìròyìn ìgbà náà fojú díwọ̀n àwọn tó ń wò ó sí 30 mílíọ̀nù.

Ní ìhà tiwa náà, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà. Nígbà tí ọdún 1989 fi dé, àwọn ilé ìfowópamọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ti wó, òṣìṣẹ́ ìjọba ń ka oṣù láì gba owó, àwọn olùkọ́ sì da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò rí owó oṣù gbà tí onílé sì ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀ kí ó tó lóye Madam.

Èdè tí Saro-Wiwa yàn

Kókó kan tó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fiyè sí ni ti èdè. Nínú ayé gidi, pijin ni irú Basi àti Josco ì bá máa sọ ní Èkó. The New Masquerade, eré àwàdà mìíràn tí NTA ń gbé jáde nígbà náà, fi Gẹ̀ẹ́sì tí a lọ́ po ṣe ẹ̀rín. Saro-Wiwa kò tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé ni ó fi sí ẹnu gbogbo wọn, títí kan Josco olè. Kì í ṣe pé kò mọ pijin: ní 1985, ó ti gbé Sozaboy jáde, ìtàn ogun tó kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wótowòto tó mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Ohun tó fẹ́ lórí amóhùnmáwòrán yàtọ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ Hausa, ọmọ Ìgbò, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ogoni jọ jókòó kí wọ́n jọ lóye, kí àwọn ọmọdé sì gbọ́ èdè tí yóò wúlò fún wọn ní ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn Ogoni kéré. Ní àkókò náà, wọ́n ń sọ pé wọn tó ìdajì mílíọ̀nù, láàárín orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ ju 80 mílíọ̀nù lọ. Bí Saro-Wiwa bá fi èdè ìyá rẹ̀ nìkan ṣe eré, ilé díẹ̀ ni ì bá gbọ́ ọ. Ó ya èdè ńlá lò, ó gbé ìtàn sí àdúgbò tó ní orúkọ Yorùbá, ó sì ti ẹnu ọ̀nà náà wọ ilé gbogbo ènìyàn. Àwa náà tí à ń tẹ ìwé ìròyìn yìí ní Yorùbá àti Faransé mọ ìṣòro náà. Èdè ńlá ń gbé ohùn ẹni jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í ṣe ilé gbé pátápátá lè gbàgbé ọ̀nà ilé baba rẹ̀.

Bí ó ṣe kógbá wọlé

Ní 1990, lẹ́yìn ìpín tó tó nǹkan bí 150, Basi kúrò lójú amóhùnmáwòrán. Ẹ fi wé The Village Headmaster, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 tí kò sì parí títí di 1988. Èyí lo ogún ọdún. Basi kò ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ. Kò di olówó, kò ronú pìwà dà, kò sì san owó ilé. Eré náà kàn dákẹ́ nígbà tí ohun tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ṣì ń gbóná.

Saro-Wiwa fúnra rẹ̀ ni òpó eré náà. Òun ni ó ń kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ní ọdún 1990 kan náà, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ dá ẹgbẹ́ MOSOP sílẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ Ogoni. Láti 1958 ni wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní ilẹ̀ wọn. Epo ń lọ, owó ń lọ, oko àti odò sì ń bàjẹ́. Ní oṣù kìíní 1993, ọ̀kẹ́ àìmọye Ogoni rìn ní ìwọ́de àlàáfíà. Ní 1994, wọ́n mú Saro-Wiwa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995, ìjọba ológun Abacha so òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ń bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí a bá mọ èyí, ẹ̀rín eré náà á yí padà létí wa. Ọkùnrin tó ń fi Basi pa wá lẹ́rìn-ín mọ ibi tí owó epo tí Basi ń lá àlá rẹ̀ ti ń wá. Láti abẹ́ ilẹ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ fi àwàdà sọ ọ́, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n sì pa á.

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Eré amóhùnmáwòrán ìgbà náà kò rọrùn láti pa mọ́. Téèpù wọ́n, ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, wọ́n máa ń gba eré tuntun lé orí ti àtijọ́. Ìwé tí Saro-Wiwa tẹ̀ jáde láti inú eré náà wà, títí kan ìtàn Mr. B tó kọ fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí eré náà ṣe dé ilé wa, ẹni tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí Yorùbá tàbí Gùn fún ìyá àgbà, ọmọ tó ń gun òrùlé lọ yí ọ̀pá ẹ̀rọ, èébú tí àwọn ọ̀rẹ́ yá láti ẹnu Madam, kò sí nínú ìwé kankan. Orí àwọn ènìyàn ni ó wà.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ẹ jókòó ti àwọn bàbá àti ìyá yín, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń wò láàárín 1980 sí 1990, èdè tí wọ́n fi ń wò ó, àti ilé ẹni tí wọ́n ti ń wò ó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú àti ọdún, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Àwọn tó ń ka oríkì Kétu àti ti Ṣábẹ̀ kò dẹ́kun láti kà á, ìdí nìyẹn tí ó fi dé ọwọ́ wa. Ẹ̀rín àwọn òbí wa náà yẹ ní kíkà.