Ìlàjà Ogun Kírìjì: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Ọmọ Èkìtì



Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Àwọn Òyìnbó ni ó mú kóòtù wá, ṣùgbọ́n òye tí ó wà nínú òwe náà ti pẹ́ ju kóòtù lọ. Ìdájọ́ tí ó sọ ẹnìkan di aláre, tí ó sọ ẹnìkejì di ẹlẹ́bi, a máa parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń parí ìjà. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ní Òmùò, ní Ìkéré, ní Ìsẹ́, ní Ẹmùré àti ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì, olórí ẹbí ni a kọ́kọ́ ń gbé ọ̀rọ̀ tọ̀ lọ. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjòyè àdúgbò. Bí ó bá tún ṣòro, a gbé e dé ààfin. Ohun tí àwọn àgbà ń wá níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó jẹ̀bi nìkan, bí kò ṣe ọ̀nà tí àwọn oníjà méjèèjì yóò fi tún lè máa kí ara wọn ní òwúrọ̀.

Lónìí a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìlàjà kan tí ó tóbi ju ti ẹbí àti ti àdúgbò lọ, èyí tí ó kan gbogbo àwọn baba ńlá wa: ìlàjà Ogun Kírìjì.

I. Bí Ìjà Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, Ìbàdàn di alágbára. Ní ọdún 1840 ni ó ṣẹ́gun ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, láti ìgbà náà ni agbára rẹ̀ sì ti ń nà dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ilẹ̀ Èkìtì. Ó fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tí ó ṣẹ́gun, kí wọn máa gba ìsákọ́lẹ̀ kí wọn sì máa ṣọ́ ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ni ó ń fi ipá gba ohun ìní àwọn ènìyàn, tí wọn kò sì bọ̀wọ̀ fún ilé ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀. Iná ọ̀tẹ̀ ràn, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì so ara wọn pọ̀ lábẹ́ orúkọ Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòósà ni ó ṣáájú àwọn Ìbàdàn.

Ẹgbẹ́ ogun méjèèjì tẹ̀dó kọjú sí ara wọn láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọn wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn. Ìró ohun ìjà wọ̀nyí lórí òkè ni a sì ń wí pé ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀, Kírìjì. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ẹni tí ó lè lé ẹnìkejì kúrò. Ibùdó di ìlú. A bí ọmọ níbẹ̀, a sì sin òkú níbẹ̀.

II. Àwọn Onílàjà

Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí kọ̀wé sí Gómìnà ní Èkó, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá pa iná ogun náà. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ kí Gómìnà ti ọwọ́ bọ ọ̀ràn òkè. Ní ọdún 1884, Àlùfáà J. B. Wood, òjíṣẹ́ Ìjọ C.M.S. ní Abẹ́òkúta, lọ sí ibùdó méjèèjì láti bá wọn sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Làálàá rẹ̀ kò yọrí sí ìparí. Èkíní, ta ni yóò kọ́kọ́ ká àgọ́ rẹ̀ kúrò? Olúkúlùkù ń bẹ̀rù pé bí òun bá yí ẹ̀yìn padà, ẹnìkejì yóò lé òun. Èkejì, ta ni yóò ni àwọn ìlú Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ? Ẹ̀kẹta, kí ni a ó ṣe sí ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́?

Ní ọdún 1885, Ààrẹ Látòósà kú ní ibùdó. Ogun ti sú tọmọdé tàgbà. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney tún ìlàjà náà gbé dìde, ó sì rán àwọn àlùfáà méjì tí wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa: Samuel Johnson àti Charles Phillips. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Johnson ti bá àwọn Ìbàdàn gbé pẹ́, ó sì mọ Aláàfin. Òun ni ó lọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Phillips ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, ó sì súnmọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀. Òun ni ó lọ sí ọ̀dọ̀ tiwọn. Apá kọ̀ọ̀kan rí ẹni tí ó lè tú inú rẹ̀ sílẹ̀ fún. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ tọ̀tún, wọn sì gbọ́ tòsì.

III. Àdéhùn Náà

Ní oṣù kẹfà ọdún 1886 ni a ṣe ìwé àdéhùn náà. Ó wí pé kí ogun dúró. Ó wí pé kí Aláàfin àti Ọwá Iléṣà wà sí ara wọn bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, bí ó ti rí kí Èkìtì tó bọ́ sábẹ́ Ìbàdàn. Ó wí pé kí àwọn ọba Èkìtìparapọ̀ máa dá dúró lórí ilẹ̀ wọn. Ní ti ìlú mẹ́rin nì, ó fi wọ́n sí ọwọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará ibẹ̀ tí kò bá fẹ́, láti lọ máa gbé níbi tí ó wù ú.

Ẹ wo bí a ti ṣe ìwọ̀n ọ̀rọ̀ náà. Ìbàdàn gba ilẹ̀ díẹ̀, kò sì ní ojú tì í níwájú àwọn ará rẹ̀. Èkìtì gba òmìnira, èyí tí ó torí rẹ̀ jà. A kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀tá títí láé. Orúkọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni a lò. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn aṣojú Gómìnà, Higgins àti Smith, kéde àlàáfíà ní pápá ogun. Láìpẹ́ àwọn ọmọ ogun ṣí kúrò, iná sì jó àgọ́ tí wọn ti ń gbé láti ọdún pípẹ́.

IV. Ibi Tí Ó Kù Sí

Kò yẹ kí a pọ́n ìlàjà náà kọjá bí ó ti tọ́. Àdéhùn náà pàṣẹ pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kúrò níbi tí wọn ń gbé. Àwọn tí ẹrù náà wúwo lé lórí jùlọ kò ṣí kúrò. Ní ọdún 1909 ni a tó tú ìlú náà ká. Lẹ́yìn náà wọn tún padà, ìjà láàrin wọn àti Ifẹ̀ sì tún bẹ́ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, títí dé òpin ọ̀rúndún ogún. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà Ìlọrin àti Ìbàdàn lórí Ọ̀fà ṣì ń lọ. Ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter gòkè wá, ni àwọn ibùdó ìyókù tó tú.

Ohun kejì tún wà. Àdéhùn náà wí pé bí aáwọ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ Gómìnà ní Èkó. Ẹni tí a pè láti là wá níjà di onídàájọ́. Onídàájọ́ náà kò sì pẹ́ di olúwa ilé. Ní ọdún 1893 kan náà ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé tí ó gba aṣojú ìjọba Òyìnbó sí àárín ìlú. Bí ará ilé bá jà títí tí wọn kò fi lè parí rẹ̀ fúnra wọn, àlejò ni yóò pín ogún wọn.

V. Láti Ìgbà Náà Dé Òní

Síbẹ̀ àṣà ìlàjà kò kú. Ní ọdún 1900, lábẹ́ àṣẹ Kọmíṣánnà Reeve-Tucker, a kó àwọn ọba Èkìtì jọ sí Òkè-Ìmọ̀ ní Iléṣà láti máa jókòó pọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú sí ìlú. Èyí ni a ń pè ní Pẹ̀lúpẹ̀lú. Àwọn ọba tí ó jẹ́ pé ogun ni ó so wọ́n pọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí jókòó lórí àga láti yanjú ọ̀ràn. Orúkọ Pẹ̀lúpẹ̀lú wà lẹ́nu àwọn Èkìtì títí di òní.

Òfin pàápàá ti fi ọwọ́ sí i. Ní ọdún 1991, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà sọ pé ìdájọ́ tí àwọn àgbà dá gẹ́gẹ́ bí àṣà lè de àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ wá, bí wọn bá ti fi ìfẹ́ inú gbé e wá, tí wọn sì gbà pé àwọn yóò tẹ̀lé e. Ní ọdún 2002, a ṣí ilé kan sílẹ̀ lábẹ́ kóòtù Èkó, níbi tí a ti lè yan ìlàjà dípò ẹjọ́. Ní ọdún 2023, a sì ṣe òfin tuntun fún gbogbo Nàìjíríà lórí ìlàjà àti ìdájọ́ ẹni tí tọ̀tún-tòsì yàn.

Kí ni àwa ọmọ Ìjọ yóò rí kọ́? Àkọ́kọ́, kí onílàjà jẹ́ ẹni tí apá méjèèjì gbẹ́kẹ̀lé, bí Johnson àti Phillips. Èkejì, kí a má ṣe dá ọ̀rọ̀ lé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lórí. Ẹni tí yóò ru ẹrù ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ̀kẹta, kí a tètè ṣe é. Olúwa wa kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin wa ní àwa àti òun nìkan, kí a tó mú ẹlẹ́rìí lọ, kí a tó sọ fún Ìjọ. Pọ́ọ̀lù sì bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí nítorí pé wọn ń gbé ara wọn lọ sí kóòtù. Nínú ìpín ilẹ̀, nínú ogún baba, nínú ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ojoojúmọ́ ni àwọn Kírìjì kéékèèké ń gbéra nínú ilé wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà Ìjọ dìde sí i nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìbọn, kí ó sì tó di ọ̀rọ̀ àlejò.