T. K. E. Phillips àti Ìṣòro Ohùn Mẹ́rin nínú Orin Ìjọ Yorùbá

Ohun tí a sábà máa ń yin T. K. E. Phillips, atẹdùùrù ìjọ ní Èkó, fún ni pé ó jẹ́ kí orin ìjọ bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyìn yẹn kéré sí iṣẹ́ rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tó ṣáájú rẹ̀ dáyé, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1922, ó gba orin 43 sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ohùn mẹ́rin yóò ṣe jọ kọrin Yorùbá láì ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni Phillips dojú kọ.

Láti Ìjagun ní Ìjẹ̀bú, níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ìtàn náà kò jìnnà. Lẹ́yìn ogun Ìmágbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892 ni ìjọ tàn kíákíá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ìwé orin sì bá a wọlé: ọ̀rọ̀ Yorùbá, ohùn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan di ẹ̀bi bí ọ̀rọ̀ àti ohùn kò ṣe bára mu ru àwọn olùtúmọ̀. Èmi kò gbà. Ohùn kan ṣoṣo ni a fi ń kọ ẹsẹ mẹ́fà. Bí ẹsẹ kìíní bá tilẹ̀ bọ́ sí i, ẹsẹ kejì kò ní bọ́ sí i. Níbi tí ohùn bá ti gòkè, "ọkàn" á di "ọ̀kan" létí ìjọ.

Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1911. Láti 1914 di 1962 ni ó fi jẹ́ atẹdùùrù Cathedral Church of Christ ní Èkó. Anthem ni ó yàn, nítorí gbolóhùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ lè ní ohùn tirẹ̀. Síbẹ̀, bí tírébù bá ń gòkè tí báàsì sì ń sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ilé-ẹ̀kọ́ orin, ọ̀rọ̀ kan náà á di méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi ka lílé àti ègbè inú iṣẹ́ rẹ̀ sí ojútùú, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: nígbà tí ẹnìkan bá ń lé, ọ̀rọ̀ á ti yé ìjọ kí ohùn mẹ́rin tó gbà á. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music (1953), náà dúró lórí pé àtẹ̀gùn ohùn márùn-ún (pentatonic) ni orin wa ń lò.

Ẹ fi èyí wé ti Mykola Leontovych, olórin ará Ukraine, tó kọ orin ìsìn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní èdè Ukraine ní 1919. Báàsì rẹ̀ lè rìn bó ṣe fẹ́, torí pé òkè-sódò ohùn kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà ní èdè tirẹ̀. Phillips kò ní irú àǹfààní yẹn. Fela Sowande, tó ti wà lára akọrin rẹ̀ lọ́mọdé, kọ Oyígíyigì àti Ọbańgíjì fún dùùrù nìkan, níbi tí kò ti sí ọ̀rọ̀ tí ohùn lè bà jẹ́. Phillips ní tirẹ̀ dúró ti àwọn akọrin.