Afẹ́fẹ́ Olóró nínú Sítọ́ọ̀ Kòkó

Láti 1947 tí ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà, títí di 1986 tí wọ́n tú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká, ọwọ́ Kòkó Bọ́ọ̀dù ni kòkó Ẹgbẹ́dá, Ẹ̀rúnmu àti àwọn oko àyíká wọn ń gbà lọ sí òkè òkun. Àgbẹ̀ a sá tirẹ̀ gbẹ, gíredà a fi ọ̀bẹ la kóró rẹ̀ wò, òṣùwọ̀n a sì sọ iye rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni aláàárù yóò gbé e wọ ọkọ̀ akẹ́rù, tí yóò tún gbé e wọ àwọn sítọ́ọ̀ ńlá ní Ìbàdàn àti Èkó. Ìtàn àgbẹ̀ pọ̀ nínú ìwé. Ti aláàárù kò wọ́pọ̀.

Kòkó tí a kó jọ pelemọ kì í pẹ́ kó kòkòrò. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fi tapólì bo òkìtì àpò, tí wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ olóró sí abẹ́ rẹ̀. Methyl bromide kò ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, nítorí náà ilẹ̀ ni ó ń rọ̀ sí, níbi tí ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀ ń na ara sí. Ẹni tí ó fà á símú lè rìn délé kí orí fífọ́, èébì tàbí gìrì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tí ń ṣe é a máa da chloropicrin, tí ń ta ojú, mọ́ ọn díẹ̀, kí ojú lè kìlọ̀ fún imú. Phosphine ní tirẹ̀, inú hóró oògùn ni ó ti ń jáde nígbà tí ọ̀rinrin bá kàn án. Hóró tí ó wọn gíráàmù 3 a máa tú nǹkan bí gíráàmù 1 sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí tapólì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé àpò ni yóò kọ́kọ́ mí in.

Bí kòkó ti ń jáde ni májèlé mìíràn ń wọlé. Gammalin 20, oògùn lindane tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí igi kòkó, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń gbé e dé oko. Pákó ọkọ̀ a sì máa fa ohun tí ó bá dà sí i mu.

Nígbà tí Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 àti 1969, owó orí, iye kòkó àti ìyànjẹ ni ẹ̀hónú wọn. Èyí kò yani lẹ́nu. Owó tí ó dín lójú òṣùwọ̀n, ojú ń rí i. Afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀, ojú kò rí i.

Ohun tí ó la ojú ìjọba ṣẹlẹ̀ ní èbúté Koko (orúkọ rẹ̀ kàn jọ ti kòkó ni), níbi tí wọ́n já àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì sí ní 1987 àti 1988, ó ju tọ́ọ̀nù 3,000 lọ. Òfin 42 ti 1988 fi ẹ̀wọ̀n gbére de irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ni òfin náà ń bá wí, kì í ṣe oògùn tí oníṣòwò fi owó rẹ̀ rà.

Ní 2008, NAFDAC fi òfin de àwọn oògùn oko kan, Gammalin 20 wà lára wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ìlànà tuntun tí wọ́n fi ń yẹ ìyókù oògùn wò lára oúnjẹ, kòkó sì wà nínú rẹ̀. Kóró kòkó ni ìlànà náà ń gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó gbé àpò náà. Methyl bromide pàápàá, tí àdéhùn Montreal mú kúrò nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlò ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà ní 2015, nítorí ìbòrí ozone ojú ọ̀run ni, kì í ṣe nítorí aláàárù. Phosphine ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.