Frank Murphy: Olórí Ìlú Detroit tí ó Di Adájọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dán Frank Murphy wò láti ìgbà èwe iṣẹ́ rẹ̀ títí dé òpin.

Ọdún 1890 ni a bí i ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì kọ́kọ́ ṣe adájọ́ ọ̀ràn dídá ní ìlú Detroit. Iwájú rẹ̀ ni a gbé ẹjọ́ Dókítà Ossian Sweet wá ní 1925. Aláwọ̀ dúdú ni Sweet. Ó ra ilé sí àdúgbò àwọn aláwọ̀ funfun, ni èrò bá yí ilé náà ká, wọ́n ń sọ ọ́ ní òkúta. Ìbọn dún láti inú ilé, aláwọ̀ funfun kan sì kú. Murphy rí i dájú pé a gbọ́ ẹjọ́ tẹnu àwọn olùjẹ́jọ́ dáadáa. Àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kò fohùn ṣọ̀kan. Ní 1926, wọ́n dá Henry, àbúrò Sweet, láre.

Ní 1930 ni ará ìlú yan Murphy ṣe méyọ̀ Detroit. Ọ̀dá owó ti dé nígbà náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń dá òṣìṣẹ́ dúró rẹpẹtẹ. Murphy gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn aláìríṣẹ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n rí ilẹ̀ dá oko oúnjẹ. Lójú tirẹ̀, ẹ̀tọ́ ni ìrànlọ́wọ́ jẹ́ fún wọn, kì í ṣe ìtọrẹ àánú.

Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní 1933. Ó ṣe gómìnà ní Philippines àti ní Michigan, kí Ààrẹ Roosevelt tó fi í sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1940.

Níbẹ̀ ni ìdánwò ńlá ti bá a. Lẹ́yìn tí Jàpáànì kọ lu Pearl Harbor ní 1941, ìjọba kó ènìyàn tí ó lé ní 110,000, ìran Jàpáànì, kúrò ní ilé wọn lọ sí àgọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni a bí sí Amẹ́ríkà. A kò sì gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní 1943, nígbà tí ẹjọ́ Hirabayashi lórí òfin kónílé-ó-gbélé dé ilé-ẹjọ́, Murphy ti kọ ọ̀rọ̀ àtakò sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàrọwà fún un, ó sì gbà.

Ọdún kejì, ẹjọ́ Korematsu dé, lórí kíkó náà gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbà. Adájọ́ mẹ́fà dá ìjọba láre. Murphy wà nínú àwọn mẹ́ta tí ó takò wọ́n. Ó kọ ọ́ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ìṣe náà, àti pé a lè gbọ́ ti olúkúlùkù, gẹ́gẹ́ bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe fún àwọn ará Jámánì tí ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

Murphy kú ní 1949. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ kan náà kéde pé ìdájọ́ Korematsu kò tọ̀nà láti ọjọ́ tí a ti dá a. Ẹni tí ó gbà fún ẹlẹgbẹ́ ní 1943 ti rí ọ̀nà padà ní 1944. Adájọ́ lè ṣìnà. Èyí tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ó má kọ̀ láti padà.