Wíwọn Iná Iléru ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Kí ilé iṣẹ́ ńlá tó dé ilẹ̀ Ọ̀ṣun, ojú ni àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń mọ bí iná ṣe gbóná tó. Ní Ìsúndúnrin lẹ́bàá Èjìgbò, níbi tí wọ́n ti ń yọ irin lára òkúta láyé àtijọ́, àti ní àgbẹ̀dẹ gbogbo káàkiri, bí irin bá ṣì ṣókùnkùn, ọ̀gá á ní kí ọmọ-iṣẹ́ tún fẹ́ná sí i. Bó bá mọ́ yòò tó ń fẹ́ funfun, ẹmú á fà á yọ, owú á balẹ̀. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń dáná tọ̀sántòru kò lè gbára lé ojú ẹnì kan.

Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Osogbo Steel Rolling Company, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Òṣogbo, Jos àti Katsina bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń wọlé, nígbà tí Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tọ́ọ̀nù 210,000 lọ́dún ni wọ́n fojú sùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aladja lẹ́bàá Warri ni wọ́n ṣètò pé kí irin gbọọrọ ti máa wá, kí iléru Òṣogbo tún un mú gbóná, kí ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ di ọ̀pá ìkọ́lé. Irú iléru báyìí máa ń gbóná tó nǹkan bíi dígírì 1,200. Bí irin kò bá gbóná tó, ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Bó bá gbóná jù, ara rẹ̀ á jóná di èépá. Tẹmọ́mítà mẹ́kúrì kò lè débẹ̀, nítorí dígírì 357 ni mẹ́kúrì ti ń hó. Thermocouple, irinṣẹ́ tí wọ́n fi wáyà irin méjì tó yàtọ̀ síra ṣe, ló ń wọ ibẹ̀.

Thomas Johann Seebeck ló kíyè sí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní Berlin ní 1821. Ó so irin méjì tí kì í ṣe irú kan náà pọ̀ ní ìkángun méjèèjì, ó mú ojú ìsopọ̀ kan gbóná, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí sì yí. Agbára òòfà ló pè é. Ørsted, ará Denmark, ló fi hàn pé iná mànàmáná ni. Ní 1886, Henry Le Chatelier ní Paris sọ ọ́ di ohun èlò iléru, ó lo wáyà plátínọ́ọ̀mù kan àti òmíràn tí wọ́n fi rhodium lú.

Bí orí wáyà bá wà nínú iná, tí ìdí rẹ̀ sì wà níta, fóòtì kékeré á yọ láàárín orí àti ìdí. Irú irin tó jẹ́ ló ń sọ iye rẹ̀. So orí wáyà méjì tó yàtọ̀ síra pọ̀, ìyàtọ̀ fóòtì wọn á hàn ní ìdí. Nítorí náà, ohun tí thermocouple ń wọ̀n gan-an ni bí orí ṣe gbóná ju ìdí lọ. Ibí yìí ló gba ìṣọ́ra jù. Bí iléru bá wà ní 1,200, irú thermocouple tí wọ́n ń pè ní Type K, tí ìdí rẹ̀ wà nínú omi dídì, á mú mílífóòtì 48.8 wá. Bí ìdí bá wà nínú ooru Òṣogbo, ní dígírì 30, mílífóòtì 47.6 ni mítà á rí. Ẹni tí kò bá ro ti ìdí mọ́ ọn á kà á sí nǹkan bíi 1,167. Ìyẹn ló fà á tí mítà òde òní fi ń wọn ìdí wáyà lọ́tọ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ohun tí wọ́n fi ń dán irinṣẹ́ yìí wò. Góòlù wà ní Ìtàgùnmodì, ní Ìgún àti ní Ìpérìndó. Ní July 2021, ibi ìwakùsà Segilola ní Òdo-Ìjẹ̀ṣà da góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́. Góòlù tí a kò lú kì í yọ́ àfi ní dígírì 1,064. Láti 1927 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fi ojú yìí sí ìwọ̀n àjùmọ̀lò, thermocouple plátínọ́ọ̀mù sì ni wọ́n fi ń wọn ooru láti òkè dígírì 600 débẹ̀, títí di 1990. Wáyà tó bá pẹ́ nínú iléru máa ń ṣì í kà. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi góòlù tínrín so orí méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì máa fi iná kún iná díẹ̀díẹ̀. Mítà á dúró sójú kan bí góòlù ṣe ń yọ́, kí góòlù náà tó já; iye tó dúró sí ni wọ́n á fi wé 1,064.