Àjò Kò Dùn Kí Onílé Má Relé: Òwe fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Dùrù Jáàsì

Àwọn àgbà ní, àjò kò dùn kí onílé má relé. Bí a bá pa òwe yìí, ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́: wọ́n gbọ́ pé kí ènìyàn padà sílé. Bí a bá fara balẹ̀ tú u wò, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Òwe náà kò sọ pé àjò burú. Ó gbà pé àjò a máa dùn, ó tilẹ̀ lè dùn débi tí ilé yóò fẹ́ kúrò lọ́kàn ẹni. Ẹni tí kò jáde nílé rí, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án. Ẹni tó ti lọ, tó ti rí ayé, tó sì tún mọ ojú ọ̀nà padà, òun gan-an ni òwe ń bá wí.

Mo fẹ́ fi òwe yìí bá àwọn ọ̀dọ́ atẹdùrù wa sọ̀rọ̀, àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá ní Ìpótì, Ìjerò, Aramọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, tí orin jáàsì ń wù wọ́n. Wọ́n ti mọ 1-4-5. Wọ́n ti gbọ́ 2-5-1 lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń bèèrè ni pé, kí ni ìmọ̀ yìí fẹ́ ṣe nínú orin Yorùbá? Ìdáhùn mi ni pé ètò kọ́ọ̀dù, ìyẹn bí kọ́ọ̀dù kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn, ṣe pàtàkì fún Yorùbá tó ń kọ orin ju bí ó ṣe ṣe pàtàkì fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn lọ. Èdè wa ti so ọwọ́ akọrin ní apá kan. Kọ́ọ̀dù ni apá tí ọwọ́ rẹ̀ ti tú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá mọ sol-fa mọ̀ pé d ni ilé, ibẹ̀ sì ni orin ti ń sinmi. Orí ohùn kọ̀ọ̀kan nínú méjèèje ni a ti lè kọ́ kọ́ọ̀dù tirẹ̀: a ó mú ohùn kan, a ó fo èyí tó tẹ̀ lé e, a ó mú òmíràn. Ohùn mẹ́ta ló sábà máa ń tó fún orin ìsìn; olórin jáàsì a máa mú mẹ́rin. Nípa bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀dù kìíní jẹ́ d m s t, ìkejì r f l d, ìkarùn-ún s t r f, ìkẹfà l d m s.

Wàyí o, ẹ wo ọ̀nà tó gba Ẹ̀fọ̀n wọ Ìpótì. Arìnrìn-àjò yóò kọjá ní Aramọkọ, yóò dé Ìjerò, kí ó tó wọlé. Kí Ìpótì jẹ́ kọ́ọ̀dù kìíní, kí Ìjerò jẹ́ ìkarùn-ún, kí Aramọkọ jẹ́ ìkejì, kí Ẹ̀fọ̀n sì jẹ́ ìkẹfà. 6-2-5-1 nìyẹn, òpópónà tí ọ̀pọ̀ orin jáàsì ń gbà relé. Bí a bá ka ohùn láti ibùdó kan sí èkejì, mẹ́rin mẹ́rin ni à ń gùn: láti l dé r, láti r dé s, láti s dé d. Ẹni tó dé Ìjerò ti ń gbóòórùn ilé, etí olùgbọ́ náà sì ti ń retí rẹ̀. Ohun tó fa ìrètí yìí ni t àti f tí wọ́n jọ wà nínú kọ́ọ̀dù karùn-ún. Àwọn méjèèjì kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà: t fẹ́ gòkè lọ bá d, f fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá m. Ibi tí wọ́n ń lọ ni ilé.

Gbé 2-5-1 inú rẹ̀ sórí kíì C kí ojú rẹ lè rí i. Ọwọ́ òsì yóò tẹ D, yóò tẹ G, yóò tẹ C. Ọwọ́ ọ̀tún yóò tẹ ohùn méjì péré. Lórí D, tẹ F àti C. Bí ọwọ́ òsì bá bọ́ sí G, F kò ní kúrò níbi tó wà. C nìkan ni yóò sún sí B, funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ òsì bá wọ C, B ni kò ní kúrò. F ni yóò sún sí E, funfun tó kàn án. Ìka kan ló ń rìn lẹ́ẹ̀kan, ìrìn rẹ̀ kò sì lè kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí dùrù. Ohùn méjì yìí, ìkẹta àti ìkeje inú kọ́ọ̀dù, ló ń sọ irú kọ́ọ̀dù tí a wà lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ ìrìn wọn ti mọ ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú 2-5-1. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fi gbogbo ìka mẹ́wàá fo sókè fo sílẹ̀, tí wọ́n ń wá adùn kiri, nígbà tó jẹ́ pé ìka méjì tí kò kánjú ló ń gbé adùn náà jáde.

Ọ̀nà yìí ní àbùjá. Dípò kí ọwọ́ òsì gba G relé, ó lè gba Db. Ohun tí kì í jẹ́ kí orin bàjẹ́ ni pé F àti B, àwọn méjì tó ń wá ilé nínú kọ́ọ̀dù G, wà nínú kọ́ọ̀dù Db keje pẹ̀lú. Ọwọ́ ọ̀tún kò yí nǹkan kan padà. Ọwọ́ òsì ló rọra sọ̀ kalẹ̀, D, Db, C. Ilé kan náà la dé, àmọ́ ọ̀nà tí a gbà ṣàjèjì sí etí, ó sì dùn.

Kì í ṣe òní ni àwọn ọmọ wa ti ń rin ọ̀nà yìí. Wọ́n bí Fẹlá Ṣówándé ní 1905. Ọ̀dọ̀ T. K. Ekundayo Phillips, atẹdùrù Cathedral ti Marina ní Èkó, ló ti kọ́ṣẹ́ dùrù. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1930, jáàsì ló fi ń jẹun. Ní 1936, òun ló tẹ píánò fún Rhapsody in Blue ti George Gershwin. Òun àti Fats Waller, àgbà onípíánò ará Amẹ́ríkà, tún jọ tẹ píánò pọ̀. Ṣówándé yìí kan náà ló gba oyè FRCO, oyè gíga jù lọ ti àwọn atẹdùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1943, tó sì kọ African Suite ní 1944. Nígbà tó wá kọ orin dùrù lórí àwọn ohùn orin ìsìn Yorùbá, bí Oyígíyigì, ohùn orin inú wọn jẹ́ tilé, kọ́ọ̀dù abẹ́ wọn sì ti rìn jìnnà. Bákan náà ni Randy Weston, onípíánò jáàsì láti Brooklyn, wá sí Èkó ní 1961; nígbà tó di 1963, ó gbé Niger Mambo, orin Bobby Benson, olórin highlife wa, sínú àwo rẹ̀ tó pè ní Highlife. Orin wa rìnrìn àjò lọ, kò sì sọnù.

Níbí ni mo ti fẹ́ dé orí ọ̀rọ̀ mi. Nínú ìwé tó pè ní Yoruba Music, tó jáde ní 1953, Phillips tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀. A ti kọ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ohùn rẹ̀ ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí ìtumọ̀ sì ń dàrú lẹ́nu wa. Akọrin Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ọ̀rọ̀ kan sókè tàbí sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti pín ohùn fún un kí ó tó la ẹnu. Ìdí nìyí tí mo fi ní ọwọ́ akọrin wà ní síso. Àmọ́ ohun tó wà lábẹ́ ohùn orin náà, kò sí ọ̀rọ̀ tó pàṣẹ fún un. Kọ́ọ̀dù kò ní àmì ohùn. Ibẹ̀ ni òmìnira wa wà.

Àwọn baba wa ní Èkìtì ti fura sí èyí tipẹ́. Bí ègbè bá ń gbe orin ìbílẹ̀ lágbègbè Ọ̀yọ́, ohùn kan ni gbogbo wọn máa ń jùmọ̀ gbé. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ohùn méjì ló máa ń jáde, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí àlàfo wọn dà bí ti d sí m. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe ń rìn: bí tòkè bá gòkè, tìsàlẹ̀ á gòkè; bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ìkejì á tẹ̀ lé e. Nípa bẹ́ẹ̀ ohùn di méjì, ọ̀rọ̀ kò sì bàjẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọmọ Èkìtì tó bá jókòó sídìí dùrù kì í ṣe àlejò nínú orin olóhùn púpọ̀. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kí ó jẹ́ kí ẹnu máa rìn bí ẹnu ṣe ń rìn, kí ó sì gbé àjò náà lé dùrù lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ orin kékeré kan báyìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju “Ilé dùn” lọ. Ohùn àárín, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀: a ó kọ ọ́ ní m s d. Èyí kò ní yí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó kọ ọ́, m àti s yóò sì máa wà lórí kọ́ọ̀dù kìíní nígbà gbogbo. Ibi tí d yóò bọ́ sí ni a ó máa pààrọ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, fi kọ́ọ̀dù kẹfà sábẹ́ d. Etí rò pé a ti délé, àmọ́ Ẹ̀fọ̀n la wà. Ní ìgbà kejì, fi ìkejì sábẹ́ rẹ̀. Ohùn d kan náà ti di ìkeje inú kọ́ọ̀dù, kò lè jókòó mọ́. Nígbà tí ẹnu bá dákẹ́, kí dùrù nìkan dáhùn pẹ̀lú ìkarùn-ún. Ní ìgbà kẹta, fi ìkìíní sábẹ́ rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sinmi. Ọ̀rọ̀ méjì, ohùn mẹ́ta, ìtàn kan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ìkẹrin náà gba d, nítorí f l d m ni. Ṣùgbọ́n má ṣe gbé d pẹ́ lórí ìkarùn-ún: t tó wà níbẹ̀ yóò bá a jà, nítorí wọ́n sún mọ́ ara wọn jù.

Bí a bá ti mọ ọ̀nà báyìí, a lè máa hun orin lójú ẹsẹ̀. Àwọn onísólò kì í ju ìka lásán. Bí kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan bá ti fẹ́ wọlé ni wọ́n ti mọ ohùn tí wọ́n fẹ́ bá a pàdé, pàápàá ìkẹta àti ìkeje. Ohun tí wọ́n bá ṣe láàárín méjèèjì jẹ́ ti ọwọ́ wọn. Nígbà ayé Charlie Parker, àwọn olórin jáàsì a máa mú kọ́ọ̀dù orin tí gbogbo ayé mọ̀, kí wọ́n fi ohùn orin tuntun lé e: bẹ́ẹ̀ ni Ornithology ṣe jáde lára How High the Moon. Tiwa yàtọ̀ sí tiwọn. Wọ́n di ọ̀nà mú, wọ́n pààrọ̀ ohùn orin. Ní tiwa, ohùn orin ni ká dì mú, ká pààrọ̀ ọ̀nà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kọ́ọ̀dù púpọ̀ ni ọgbọ́n. Ní 1959, John Coltrane, olórin jáàsì, bá Miles Davis ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àwo Kind of Blue. Ibùdó méjì péré ni orin So What tó wà nínú rẹ̀ ní láàárín báà 32. Lọ́dún yẹn kan náà ni Coltrane ṣe Giant Steps tirẹ̀, níbi tí ilé ti ń yí láàárín kíì mẹ́ta bí ìjì. Ọkùnrin kan ló ṣe méjèèjì. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì náà, tó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, tó sì fi jáàsì pọ̀ mọ́ highlife nígbà tó padà dé, wá mọ̀ nígbẹ̀yìn pé kọ́ọ̀dù kan tàbí méjì tó láti gbé orin gígùn dúró. Ẹni tó mọ ọ̀nà púpọ̀ ló lè yàn láti dúró sójú kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò yàn án, ibẹ̀ ló há sí.

Nítorí náà, ẹ dín lílo bọ́tìnnì tó ń gbé kíì sókè sódò kù. Ẹ kọ́ 2-5-1 nínú kíì méjèèjìlá. Ọ̀nà kan rèé: bí o bá wọ ilé ní C, sọ E rẹ̀ di Eb àti B rẹ̀ di Bb, ó ti di kọ́ọ̀dù kejì fún Bb. Láti Bb lọ sí Ab, sí Gb, sí E, sí D, títí wàá fi padà sí C. Mẹ́fà nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti F, mẹ́fà tó kù á pé. Rọra tẹ̀ ẹ́, kí etí rẹ gbọ́ ìka tó rìn àti èyí tó dúró.

Lẹ́yìn náà, mú orin kan tí ìyá rẹ mọ̀, tí wọ́n ń kọ ní Ìpótì tàbí ìlú tìrẹ. Má fọwọ́ kan ohùn orin náà rárá. Wá ọ̀nà mẹ́rin tó lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kọ wọ́n sílẹ̀, yan èyí tó bá ọ̀rọ̀ orin náà mu jù, kí o sì pe ìyá rẹ kí ó wá lé e. Bí ó bá lé e dé òpin, tí ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì dúró láti wá ibi tí orin wà, kọ́ọ̀dù rẹ tọ̀nà. O ti di ẹni tó ń kọ orin.