Ààwẹ̀ Inú Ọyẹ́: Àwọn Oníwéré àti Ìbẹ̀rẹ̀ Orin Fújì

Bí a bá dárúkọ orin fújì lónìí, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni òde àríyá: owó níná, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá, àti ìgò ọtí lórí tábìlì. Nígbà tí mo bá sọ fún wọn pé inú ààwẹ̀ ni a ti bí orin yìí, pé àwọn ọ̀dọ́ tí ọtí kò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ kiri ìgboro ní òru, nínú òtútù, wọn a bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó mú mi kọ àròkọ yìí.

Wéré ni orúkọ orin náà. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ajísààrì. Orúkọ kejì yìí sọ iṣẹ́ rẹ̀: jíjí àwọn Mùsùlùmí dìde kí wọ́n lè jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, ẹgbẹ́ oníwéré pọ̀ ní àdúgbò láàárín ọdún 1950 sí 1970. Ohun èlò wọn kò ṣòro wá: sákárà, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti agolo òfìfo nígbà mìíràn. Kò sí ẹni tí ó bá wọn dá owó iṣẹ́. Ẹni tí orin bá dùn mọ́ nínú a ṣí fèrèsé, a na tọ́rọ́ tàbí sísì sí wọn.

Èwo ni ti òtútù nínú ọ̀rọ̀ yìí? Oṣù ojú ọ̀run ni Mùsùlùmí fi ń ka ọdún. Nítorí náà, ààwẹ̀ a máa fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, ó sì ń tó nǹkan bí ọdún 33 kí ó tó yí ká padà. Ní ọdún 1958, nígbà tí Síkírù Àyìndé Balógun, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Barrister, jẹ́ ọmọ ọdún 10 tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wéré, inú ooru oṣù Ẹrẹ́nà ni ààwẹ̀ bọ́ sí. Bí ọmọ náà ti ń dàgbà ni ààwẹ̀ ń sún mọ́ ọyẹ́. Ní ọdún 1965, ẹ̀ẹ̀mejì ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ọdún kan ṣoṣo: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni Àyìndé nígbà náà. Àárín ọyẹ́ gan-an ni ohùn rẹ̀ ti gbó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọjọ́ kan nínú irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí aago 2 òru, àwọn ọmọkùnrin náà ti kó ara wọn jọ, wọ́n wé aṣọ mọ́ orí, ètè wọn ti sán. Ọyẹ́ a máa gbẹ awọ ìlù, a mú un le koko, ohùn sákárà a lọ sókè, olórin náà a sì ní láti gbé ohùn tirẹ̀ lé e. Òdìkejì èyí ni mo mọ̀ ní kékeré. Ní ọdún 1979 àti 1980, oṣù Agẹmọ ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀, awọ ìlù ń dẹ̀, àwọn onílù a sì máa yá a nínú iná kí wọ́n tó jáde.

Onílé ti ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa nítorí òtútù. Ohùn tí kò bá mú kò lè gba inú pákó kọjá dé etí ẹni tí ó fi aṣọ bo orí. Èrò tèmi ni pé níbẹ̀ ni ohùn fújì ti rí mímú rẹ̀, ohùn gíga tí ó ń gba imú jáde, tí kì í tètè sinmi. Níbẹ̀ náà ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń dárúkọ ènìyàn: bí o bá fẹ́ kí baálé kan dìde, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ni kí o pè.

Kí ni wọ́n fi ń tu ọ̀fun? Ọ̀pọ̀ olórin òde àríyá ayé ìgbà náà ni ó ní ẹmu tàbí ògógóró nítòsí láti fi lé òtútù. Oníwéré kò ní ànfààní yẹn. Òru kì í ṣe àkókò ààwẹ̀, ó lè jẹun, ó lè mu omi. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni ọtí, lọ́sàn-án àti lóru. Orógbó ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Síbẹ̀, àwọn àfáà kan kò fẹ́ràn wọn. Wọ́n ní ìlù kò bá ààwẹ̀ mu. Mo mọyì ìgbàgbọ́ àwọn àfáà wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n mi ò rò pé wọ́n ṣe ìdájọ́ tó tọ́. Ọmọ ogún ọdún tí ó fi oorun rẹ̀ sílẹ̀ ní aago 2 nínú ọyẹ́, tí ojú rẹ̀ dá, kí aládùúgbò rẹ̀ má bàa fi ebi gba ààwẹ̀, kì í ṣe ọmọ aláìgbọ́n.

Kí ìrun àsùbáà tó tó, wọ́n ti padà sílé láti jẹ sààrì tiwọn. Lẹ́yìn náà, ó di ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́, pẹ̀lú ebi àti oorun. Ibi iṣẹ́ Barrister pàápàá yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé tí ń tẹ ìwé ní Nigerian Breweries, ilé-iṣẹ́ tí ọtí bíà Star ti jáde ní ọdún 1949.

Lẹ́yìn èyí ni ogun abẹ́lé dé ní ọdún 1967, ó sì di ọmọ ogun. Àyìnlá Kollington, tí òun náà ti inú wéré wá, ṣe iṣẹ́ ológun bákan náà. Ní Ìbàdàn, Dáúdà Epo Àkàrà yí wéré tirẹ̀ sí awúrebe. Barrister sọ pé ara àwòrán ìpolówó òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú, ni òun ti mú orúkọ orin tirẹ̀. Orin náà kúrò ní ìgboro, ó wọ òde àríyá, ó bá ìgò ọtí pàdé níbẹ̀, kò sì dúró de oṣù ààwẹ̀ mọ́. Barrister kú sí London ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 2010.

Ààwẹ̀ tún padà sínú ọyẹ́ láàárín ọdún 1997 sí 2000. Mo ti ń kọ́ni nígbà náà, mo sì ń tẹ́tí sílẹ̀ lóru. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí ni mo sábà ń gbọ́. Lónìí, fóònù ni ó ń jí ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọdé ṣì ń lu agolo kiri ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni ààwẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ nínú ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí ti 1965: ní Ṣẹ́rẹ́ àti ní ìparí Ọ̀pẹ̀.